Ọjọ́ Tí Mo Ba Àwòrán Ọmú Mi Jẹ́

Mi ò rò pé mo lè gbàgbé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ ya àwòrán ọmú. Kókó kan ló yọ sí ọmú mi ọ̀tún. Dókítà ní ìyẹ̀wò tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe kò yé òun tó, kí n lọ sínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara. Mo dé wíìgì mi tó dáa jù, mo kúrò nílé wa ní Ajégúnlẹ̀ bí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Wíìgì ni wàhálà àkọ́kọ́. Píìnì onírin wà nínú ẹ̀, ẹ̀rọ náà sì máa ń fa irin. Obìnrin tó ń ya àwòrán ní kí n ṣí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti di irun orí mi, mo wá ń fọwọ́ méjèèjì bò ó. Wọ́n fún mi ní aṣọ, mo kọ ẹ̀yìn ẹ̀ síwájú. Òun náà ló bá mi yí i.

Ó ní kí n dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tó ní ihò fún ọmú, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ mí lápá. "Mà, tí oògùn tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn kedere bá ti ń wọlé, ẹ má mira rárá."

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bíi ti àwọn tó ń lu páànù ọkọ̀ ní Malu Road. Mo fara dà á. Àmọ́ bí oògùn ṣe wọ apá mi, ó tutù nini. Mo rò pé rọ́bà abẹ́rẹ́ ti já ni. Mo gbé orí àti àyà sókè: "Àǹtí, omi ń jò sí mi lára o."

Kò sóhun tó ń jò. Ó fà mí jáde, ó ní, "Mà, ìgbà tá a fẹ́ kẹ́ ẹ dúró jẹ́ẹ́ jù lẹ mira."

"Ẹ ò ṣe kúkú rọra yà á, kí n lè máa sinmi láàárín?"

Ó fi sùúrù ṣàlàyé. "Kókó tó burú sábà máa ń tètè fa oògùn náà, á sì tètè tú u sílẹ̀. Èyí tí ò burú sábà máa ń fà á díẹ̀díẹ̀. Tá a bá ń falẹ̀, oògùn á ti wọlé, á ti máa jáde, kí àwòrán kejì tó dé. A ò ní mọ bí kókó náà ṣe yára fà á tó. Tá a bá sì sáré jù, àwòrán ò ní mọ́ dáadáa."

Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí oògùn ti kúrò lára mi. Ọkọ mi, tó ń já ẹrù ní èbúté Kirikiri, gbọ́, ó ní, "Dem say make you no move, you carry body up. Who send you?" A jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọwọ́ mi ò kúrò lórí kókó náà.

Nígbà tí mo padà lọ, mo dúró bí igi. Ariwo dákẹ́, obìnrin náà ní a ti parí. Mi ò dáhùn, torí kò tíì sọ pé mo lè mira. Ó tún pè mí. Ló bá sáré wọlé, ó ń fọwọ́ kan ọrùn mi bóyá mo ṣì wà láyé.

"Àǹtí, ṣé mo ti lè sọ̀rọ̀?"

Ó fara ti ògiri, ó mí kanlẹ̀.

Dókítà ní kókó náà rọra fa oògùn ni, kò sì tú u sílẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo sunkún lórí àga dókítà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n máa béèrè bí nǹkan ṣe máa rí lára mi kí n tó gbà pé kí wọ́n ṣe é. Ká ní mo béèrè ni, wọn ì bá ti sọ fún mi pé oògùn náà máa ń tutù. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbọ̀n fún ìbẹ̀rù nítorí òtútù apá lásán. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín báyìí, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò tíì dénú.