Fóònù Abu Ghalib àti Ife Kọfí Kan

Bí ẹ bá gbọ́ ikọ́ lójú pópó wa ní Karak, nílẹ̀ Jordan, tí ikọ́ náà kò jọ ti aláìsàn, ẹ má wulẹ̀ sáré mú oògùn jáde. Abu Ghalib ni. Ó fẹ́ kí ẹ wo fóònù tó wà lọ́wọ́ òun ni.

Abu Ghalib, ẹlẹ́nu oyin, a-sọ̀rọ̀-mú-àna-gbàgbé-ìbínú! Ládùúgbò wa, ẹni tó bá fẹ́ gbé ìyàwó, òun ló ń bẹ̀ kó ṣáájú jaha, ìyẹn àwọn àgbà ọkùnrin tí ń báni lọ tọrọ ọmọ. Wọn á gbé kọfí síwájú rẹ̀, kò ní í fẹnu kàn án. Á ní àwọn kò ní í mu kọfí yìí àfi bí àwọn bá gbọ́ pé wọ́n ti fún àwọn lọ́mọ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tí àwọn ìyá àgbà á máa nu ojú lẹ́yìn ògiri. Bí ẹ bá yìn ín, á ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni.

Ẹ̀bùn ọ̀hún ń gbé inú ilé ìdáná rẹ̀. Umm Ghalib, ìyàwó rẹ̀, ló ń to ọ̀rọ̀ yẹn jọ, tó ń kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní kéwú, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, títí yóò fi mọ ibi tó yẹ kí òun ti mí. Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. A kò kàn mọ ẹni tó ni ọgbọ́n náà nígbà yẹn ni.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó ra fóònù. Okùn ni Umm Ghalib fi ń so ilẹ̀kùn fíríìjì rẹ̀ kó tó lè pa dé, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó ra òmíràn. Ọkọ kó owó jáde lóòótọ́, ó lọ sọ́jà, ó sì gbé fóònù oníkámẹ́rà mẹ́ta wálé. Ó ní ayé ti yí padà. Ìyàwó wo fóònù, ó wo okùn, ó ní, "Kò burú. Ohun tó o rà wálé yẹn, kó máa kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ."

Ẹni tó ta fóònù náà fẹ́ fi bí wọ́n ti ń lò ó hàn án. Abu Ghalib bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀ ni òun ti ń lo rédíò. Bó ṣe jáde nìyẹn. Láti ìgbà náà, bí ojú fóònù bá ṣú, á lù ú mọ́ itan bí a ti ń lu rédíò láyé àtijọ́. Bí ìpè bá wọlé, á máa fi ìka tẹ ojú rẹ̀ títí ìpè á fi kú, á wá sọ fún wa pé mínísítà kan ni, òun kò ráyè rẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tàn lọ́sàn-án gangan fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lò ó ní Amman, olú ìlú wa. Àwa náà sì ń mi orí. Ẹni tó bá ra fóònù tó ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ, fóònù náà ni yóò máa rán an níṣẹ́.

Nǹkan kan péré ló mọ̀ dájú: bó bá tẹ àmì pupa kan, fóònù á gba ohùn sílẹ̀, bó bá tẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn á jáde. Ìwọ̀nba ìmọ̀ yìí ló sì kó bá a.

Àsìkò yẹn ni Sanad, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, fẹ́ fẹ́ Maysun. Àwọn méjèèjì ti fẹ́ràn ara wọn láti ilé ìwé. Ẹni tó kù ni Abu Shahin, bàbá bàbá Maysun, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, tó sì ti lé jaha kan padà rí nítorí pé olórí wọn ń fọ́nnu. Bó bá ti ní rárá, rárá náà nìyẹn. Oorun dá lójú ẹ̀gbọ́n mi. Abu Ghalib ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Ó délé, ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó kọ́ òun, ìyàwó kọ̀. Ló bá dọ́gbọ́n. Ó jókòó tì í níbi tó ti ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ inú tàtàṣé tí yóò ki ìrẹsì sí, ó ti fóònù bọ abẹ́ aṣọ ìnuwọ́, ó tẹ àmì pupa. Ó ní, "Má kọ́ mi o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ká ní ìwọ ni wọ́n rán, báwo lo ṣe máa sọ ọ́?" Ẹni tó ní ẹ̀bùn kì í lè pa á mọ́ra. Umm Ghalib bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ó wá ku bí yóò ṣe máa gbọ́ ọ níwájú àna. Nǹkan kékeré kan wà nínú páálí fóònù náà, èyí tí wọ́n ń kì bọ etí, tí kò ní wáyà. Ó kì í sétí, ó gbé fóònù sórí itan, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ ketekete. Ó gbà pé inú etí ni ohùn ti ń wá. Pé ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ so nǹkan etí yẹn pọ̀ mọ́ fóònù, ìyẹn wà lára ohun tí ẹni tó tà á fẹ́ sọ fún un.

Lọ́jọ́ náà, a kún pálọ̀ Abu Shahin, àwọn obìnrin sì wà ní yàrá kejì. Abu Ghalib wọ àwọ̀lékè dúdú olówùú wúrà, ó fi aṣọ ìborí bo etí méjèèjì, fóònù wà nínú àpò àyà. Wọ́n gbé kọfí wá. Ó gbé e kalẹ̀, ó na àyà, ó tẹ àpò rẹ̀ bí ẹni fẹ́ búra.

Ohùn obìnrin jáde láti àyà rẹ̀, tòun ti ìró ọ̀bẹ: "Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀, ilé yín la wá, ilé tí àlejò kì í ti í febi sùn."

Abu Ghalib gbà á, ó fi ohùn ńlá sọ ọ́: "Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀, ilé yín la wá, ilé tí àlejò kì í ti í febi sùn."

A wo ara wa. Mo rò pé ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ohùn náà tún ní, "Dúró níbẹ̀ kí o mí."

"Dúró níbẹ̀ kí o mí," ni Abu Ghalib wí fún Abu Shahin.

"Fa ikùn sínú. Má sì dárúkọ bàbá ńlá rẹ, ọ̀rọ̀ ẹṣin rẹ̀ ti sú gbogbo ayé."

"Fa ikùn sínú," ni Abu Ghalib wí, "má sì dárúkọ bàbá ńlá..." Ó dákẹ́. Ó ti yé e.

Kò yé fóònù ní tiẹ̀. Umm Ghalib ń bá a lọ pé bí wọ́n bá gbé mansaf dé, ìyẹn ìrẹsì ẹlẹ́ran àgùntàn, kó má ṣe nawọ́ sí ahọ́n àgùntàn kí onílé tó nawọ́, bó ti ṣe níjọ́sí. Abu Ghalib fa fóònù yọ, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Tọ́ọ̀ṣì tàn sí Abu Shahin lójú. Fóònù ya àwòrán irùngbọ̀n rẹ̀. Ohùn lọ sókè sí i. Ó lù ú mọ́ itan, kò gbọ́.

Abu Shahin kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé ta ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀.

"Rédíò ni, Abu Shahin. Rédíò àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé."

"Rédíò tó mọ ikùn rẹ."

Àwọn kan ń bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́. Èmi kò rí ẹ̀rín rín. Sanad dorí kodò, etí rẹ̀ ti pọ́n, mo sì mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri. Mo fẹ́ dìde tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n Abu Shahin gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Ohùn náà ti dé ibòmíràn.

"Ọmọ wa kò ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì," ni Umm Ghalib ń wí, ìró ọ̀bẹ sì ti dáwọ́ dúró. "Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ aṣọ ìyá rẹ̀, tó ń sá a sórí òrùlé lójú gbogbo wa. Ẹni tí kò fi ìyá rẹ̀ tijú kò ní í jẹ́ kí ọmọ yín jìyà."

Abu Shahin ní kí Abu Ghalib pe ẹni tó ni ohùn yẹn.

Abu Ghalib wo fóònù, fóònù wò ó. Ọkùnrin tí kò ráyè mínísítà kò mọ bí wọ́n ti ń pe ìyàwó ẹni. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo pè é, mo jẹ́ kí ohùn jáde síta.

"O ti gbàgbé ọ̀rọ̀, àbí?" ni Umm Ghalib fi gbé e. "Ní kí fóònù ràn ọ́ lọ́wọ́."

"Ó ti ràn án lọ́wọ́," ni bàbá náà wí. "Èmi Abu Shahin ni, Umm Ghalib. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ wá létí, a sì ti fún yín lọ́mọ. Ẹ mu kọfí yín."

Àwọn obìnrin hó yèè, mo sì dá ohùn ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ láàárín wọn. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Abu Ghalib mí kanlẹ̀, ó nawọ́ sí ife.

"Ẹni tó tọrọ ọmọ ló ń kọ́kọ́ mu," ni Abu Shahin wí. "Gbé e lọ fún un. A ó dúró dè ọ́."

Ife kọfí wa kò ní etí, ọwọ́ méjèèjì ni Abu Ghalib fi gbé e kó má baà dànù. Mo ti fóònù bọ̀ ọ́ lápò àyà. Gbogbo jaha jáde síta, a ń wò ó bó ti ń gun òkè lọ sílé rẹ̀. Onígbàjámọ̀ yọjú níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́.

Abu Ghalib kò tíì kọjá ibẹ̀ tí fóònù fi tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ketekete, fún gbogbo òpópónà. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo. Bó tilẹ̀ ṣófo, kí ni ì bá tẹ̀?

"Dúró níbẹ̀ kí o mí," ni àyà rẹ̀ wí.

Ó dúró, ó mí.

"Fa ikùn sínú."

Abu Ghalib fa ikùn sínú, ó ń gun òkè lọ.