Ilé Alájà Mẹ́ta Tó Ṣíji Bò Mí

Ọjọ́ tí wọ́n ka ìwé sí mi létí pé oòrùn kì í dé àgbàlá mi, n kò lè gbàgbé ẹ̀. Aláró ni mí ní Kemta. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń sá àdìrẹ sínú oòrùn àgbàlá yẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ló gbé kọ̀ǹpútà wá. Wọ́n fẹ́ fi máàpù ìlú mọ bí oòrùn ṣe ń dé orí òrùlé kọ̀ọ̀kan. Ilé mẹ́wàá tí oòrùn bá pọ̀ jù lórí wọn yóò gba sólà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n òkè ni máàpù ti ń wo ilé, kò mọ bí wọ́n ṣe ga tó. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní kí n bá àwọn kọ iye àjà ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, torí pé ìkọ̀wé mi mọ́. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí sólà máa bá mi fa omi kànga, kí ẹ̀yìn tó ń dùn mí lè sinmi.

Mo kọ ilé gbogbo bó ṣe rí, àfi ti àbúrò bàbá ọkọ mi, tó wà níwájú tèmi gan-an. Ilé ilẹ̀ ni. Irin àjà tí kò tíì kọ́ ló kàn yọrí lókè rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọlé.

"Ìyàwó, kí lo kọ?"

"Ilé ilẹ̀ ni mo kọ, Bàbá."

"Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni? Alájà mẹ́ta nilé mi! O ò rí irin ni?"

Ìyàwó ilé kì í bá irú wọn jiyàn. Mo kúnlẹ̀, mo kọ alájà mẹ́ta. Mo tún fi rúlà fàlà sí i nídìí, èmi ọ̀mọ̀wé.

Nígbà tí èsì dé, ti Bàbá ló ṣáájú. Tèmi kò sí níbẹ̀ rárá. Àgbàlá mi ni ọ̀dọ́kùnrin tó ń kà á dúró sí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Mà, ilé alájà mẹ́ta kan ló ṣíji bo tiyín."

"Òjìji wo? Ṣebí oòrùn ló ń pa yín lọ yìí!"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́." Ó fi ìwé náà hàn mí. Ìkọ̀wé mi ni, ó mọ́ rekete.

Wọ́n gbé àkàbà gígùn wá fún alájà mẹ́ta Bàbá, wọn ò rí ibi tí wọn yóò gbé e tì. Síbẹ̀ wọ́n de sólà náà mọ́ òrùlé ilé ilẹ̀ náà, wọ́n ní orúkọ ti jáde.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé orí ìkúnlẹ̀ ló yẹ kí ọ̀wọ̀ àgbà mọ, kò gbọdọ̀ dé inú fọ́ọ̀mù. Lánàá ni Bàbá yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyàwó, gbé fóònù ẹ wá gba iná níbí. Wọ́n ní oòrùn ò kúkú dé ọ̀dọ̀ tìẹ."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sì gbé fóònù náà lọ.