Wíǹṣì Bàbá Akíndùró àti Ìgbín Tó Máa Ń Sá

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Bí okùn ò bá fà mọ́, ká bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹni tó ń tini lẹ́yìn ni ò sí mọ́"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn máa ń pa á ni, ẹ ó sì máa mi orí bí ẹni tó gbọ́n. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí ẹ̀rín bá pa kó rín in, n ò bá a jà. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, n ò tíì sọ ọ́ tán rí kí ojú mi gbẹ.

Ìdí-Arère ló ti ṣẹlẹ̀. Bàbá Akíndùró ní jíìpù àtijọ́ kan tí àwọn onígẹdú fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó kúrò nínú igbó. Ìlẹ̀kùn kan ò ṣeé ṣí, ìkejì ò ṣeé tì. Dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn ti fọ́ kí jíìpù náà tó di tirẹ̀, tapólì tó ta sẹ́yìn ọkọ̀ ò sì jẹ́ kó rí ohunkóhun bó bá yíjú padà. Nǹkan kan ṣoṣo ló fi ń yangàn lára rẹ̀, wíǹṣì tó wà níwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ wíǹṣì, ẹ̀rọ tó ń ká okùn irin ni. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, wọ́n á lọ so ẹnu okùn náà mọ́ igi lókè, wọ́n á tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ á máa ká okùn, ọkọ̀ á sì máa fa ara rẹ̀ jáde. Bí wọ́n ṣe ní ó ń ṣe nìyẹn o.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lọ́nà abúlé oko Bàbá. Bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, ẹrẹ̀ ibẹ̀ ò mọ ọlọ́lá. Igi àgbálùmọ̀ kan wà lókè rẹ̀, Àwẹ̀ró ìyàwó Bàbá ló gbìn ín nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Ara igi yẹn ni Bàbá máa ń so okùn mọ́. Bí wọ́n bá sì ti dé ìsàlẹ̀, Àwẹ̀ró á sọ̀ kalẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́."

Bàbá á so okùn, á padà wọ ọkọ̀, á tẹ bọ́tìnì. Ẹ́ńjìnnì á bú, wíǹṣì á máa han gooro, jíìpù á sì gòkè. Tó bá dé òkè tán, Àwẹ̀ró á yọ láti inú igbó, ẹrẹ̀ á ti bò ó dé ìbàdí, á máa mí gúlegúle.

"Àwẹ̀ró, kí ló ṣe ọ́?"

"Ìgbín ni mo ń wá."

"Ṣé o rí i?"

"Ó sá."

"Ìgbín sá mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Ìgbín ibí yìí, ẹsẹ̀ wọn yá."

Háà! Gbogbo ìdí ẹmu ni Bàbá ti sọ ọ́ tán. "Wíǹṣì tèmi, kò sóhun tí kò lè fà. Ìyàwó tèmi, ìgbín ń sáré jù ú lọ." A ó rẹ́rìn-ín títí. Bí Àwẹ̀ró bá wà níbẹ̀, òun gan-an ló máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Àfi bí Àwẹ̀ró ṣe kú. Ibà ló bẹ̀rẹ̀ bí eré, kò sì lọ mọ́. Ó ti ní kí wọ́n sin òun sí abúlé oko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi obì tí òun àti ọkọ òun jọ gbìn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ gbẹ, jíìpù gbé e kọjá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìsí wàhálà.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, Bàbá fẹsẹ̀ rìn lọ wo sàárè. Ó bá a tí ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń jìn, omi ti dúró sí i. Ó padà wálé, kò lè jẹun. Ó ní, "Omi dúró sórí àyà ìyàwó mi, ẹ̀yin ará ilé." Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ò ju kó kó sìmẹ́ńtì lọ, kó tẹ́ ẹ sórí sàárè náà kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀, kí àgbàrá má baà wọ́ ilé ìkẹyìn obìnrin náà lọ.

Ó kó sìmẹ́ńtì àti yanrìn sẹ́yìn jíìpù. Ó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó rì. Ó so okùn, ó tẹ bọ́tìnì. Wíǹṣì kérora títí, jíìpù ò mi.

"Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti lọ ni agbára wíǹṣì yìí náà ti lọ," ni Bàbá wí. "Ó ti darúgbó bíi tèmi."

Àwa ará ìlú tá a sáré débẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká bá yín tì í."

"Ẹ ti kí ni? Ọkọ̀ tó ti ń fa ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́! Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọ̀fọ̀."

Ó bá gba ìgboro lọ, ó lọ mú Sùnmọ́nù rewáyà, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, wá. Sùnmọ́nù tú ẹ̀rọ inú wíǹṣì síta, ó fi kíkì tírélà, ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnnì tírélà, rọ́pò rẹ̀.

"Bàbá, èyí tí mo fi sí i yìí, ilé alájà méjì ni yóò fà."

Ṣùgbọ́n kò pààrọ̀ wáyà. Ẹ̀rọ ńlá, wáyà tín-ín-rín. Bí Bàbá ṣe tẹ bọ́tìnì, èéfín rú túú, iná iwájú ń tàn, ó ń kú, fèrè ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó ń dún ṣáá títí bátìrì fi kú. A ti fẹ́ rẹ́rìn-ín o. Bàbá wá ní, "Ẹ gbọ́, òun náà ń sunkún Àwẹ̀ró."

Sùnmọ́nù fa wáyà tuntun, èyí tó nípọn tó àtàǹpàkò, ó fi bátìrì kejì kún ti àkọ́kọ́. Bàbá wọ ọkọ̀, ó tẹ bọ́tìnì. A gbọ́ gbàù! Bọ́ńpà tí wíǹṣì jókòó lé ti jẹrà láti ìgbà àwọn onígẹdú, ó sì já kúrò lára jíìpù. Ẹ wá wo nǹkan! Wíǹṣì ń gun òkè lọ fúnra rẹ̀, ó ń wọ́ bọ́ńpà dání, wáyà ń nà tẹ̀ lé e. Sùnmọ́nù ń sá tẹ̀ lé e, ó ń pariwo, "Dúró! Mo ní kó o dúró!" Bàbá tó wà nínú ọkọ̀ gbọ́ ìró rẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

"Ó ń lọ! Ó ń lọ!"

"Bàbá, ó ń lọ lóòótọ́," ni Sùnmọ́nù dáhùn láti òkè, "ṣùgbọ́n kò mú yín dání."

Ìgbà tí wáyà já ló tó dúró.

Ẹlòmíràn ì bá ti jáwọ́. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ sí i, sàárè ń jìn sí i, Bàbá ò sì sùn dáadáa mọ́. Ó ní kí wẹ́dà wá fi irin ńlá jó wíǹṣì náà mọ́ egungun ọkọ̀, kí Sùnmọ́nù sì so gbogbo wáyà padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, òjò ti ṣú dùdù lókè oko. Gbogbo wa jáde wá wòran. Bàbá ní, "Àwẹ̀ró, mò ń bọ̀," ó tẹ bọ́tìnì.

Okùn le tantan. Jíìpù tó ti rì dé ikùn ò mira. Igi àgbálùmọ̀ ló gbọ̀n. Èso tó kù lórí rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ru sókè, gbòǹgbò ń ké pàkà pàkà, igi ṣubú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá jíìpù. Ọkọ̀ tó fẹ́ lọ bá igi, igi ló ń bọ̀ wá kí ọkọ̀! A fọ́n ká, Sùnmọ́nù já wáyà bátìrì, igi náà sì dúró síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó di ẹ̀ka igi náà mú. "Àwẹ̀ró, mo ti hú igi rẹ. Mo fẹ́ bò ọ́, mo wá hú igi rẹ." Ó bú sẹ́kún. Àgbà ọkùnrin ń ké bí ọmọdé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò wò.

Ìyá Wúrà, ọ̀rẹ́ Àwẹ̀ró tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ló jáde láàárín wa.

"Bàbá Akíndùró, ẹ dárí jì mí. Ọ̀rẹ́ mi ní n ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́, mo sì bá a mulẹ̀. Wíǹṣì yẹn ò fa jíìpù yín rí. Àwẹ̀ró ló ń tì í."

"Àwẹ̀ró wo?"

"Ìyàwó yín. Á kó imọ̀ ọ̀pẹ sábẹ́ táyà, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn ọkọ̀, á máa tì í. Tẹ́ ẹ bá ti ń débi igi, á sá wọ inú igbó."

"Ìgbín ló ń wá."

"Ìgbín wo, Bàbá? Ẹ jẹ ìgbín kan nílé yín rí?"

Bàbá ronú. Kò jẹ ẹ́ rí.

"Mo bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ sọ," ni Ìyá Wúrà wí. "Ó ní inú ọkọ òun máa ń dùn púpọ̀ nítorí wíǹṣì yẹn."

Bàbá dìde, ó lọ sẹ́yìn jíìpù, ó ká tapólì kúrò. Ojú ọwọ́ méjì wà lára irin ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ọ̀dà ti bó, tí ibẹ̀ ń dán. Àwẹ̀ró kúrú. Bàbá ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ibi tí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ máa ń wà. Ó sọ̀rọ̀ láìyíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tì í."

Sùnmọ́nù so wáyà bátìrì padà, ó tú okùn kúrò lára igi, ó wọ ọkọ̀, àwa tó kù kó imọ̀ ọ̀pẹ sábẹ́ táyà, a tì. Èmi náà tì í, aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà ò mọ́ mọ́ títí dòní. A ti jíìpù yí igi ká, ó gòkè láìfi okùn fà á. Bàbá yọ sókè lẹ́yìn rẹ̀, ẹrẹ̀ bò ó dé ìbàdí, ó ń mí gúlegúle. A ò bi í pé kí ló ń wá.

A tẹ́ sìmẹ́ńtì náà, a sì fi tapólì jíìpù bò ó kí òjò tó dé. Ṣùgbọ́n kí a tó bò ó, Bàbá wọ ìdí obì lọ, ó ń fọwọ́ tú ewé. Ó mú ìkarahun ìgbín kan bọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì tútù náà, níbi orí.

"Àwẹ̀ró, mo ti bá ọ mú un. Kò ní sá mọ́."

Ó dáa. Ẹ nu ojú yín, èmi náà ń nu tèmi. Ìwọ tó o jókòó sápá ọ̀hún, tó o ní ọjà rẹ ò tà mọ́, tó o fẹ́ lọ ra tábìlì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, ta ló máa ń bá ọ pe oníbàárà tẹ́lẹ̀, tó o bá jà tó fi lọ? Kó o tó lọ bá Sùnmọ́nù kó fi kíkì tírélà sí i, rántí igi tó sọ̀ kalẹ̀ wá kí ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní, bí okùn ò bá fà mọ́, ká bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹni tó ń tini lẹ́yìn ni ò sí mọ́.