Pósí Igi Oṣè

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé a kì í tìtorí pé igi wọ́wé ká kan pósí? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń sọ ọ́ lẹ́nu ni. Ẹ jókòó dáadáa.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Orímisan, ọmọ Ìlàjẹ. Etí omi ni wọ́n bí i sí, níbi tí igi ti ń tutù yọ̀yọ̀ láti ọdún dé ọdún. Ó wá ìyàwó lọ sí Òkè Ògùn, ó rí Àyọ̀ká, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọmọ náà mọ́. Ṣùgbọ́n Láníhùn, bàbá Àyọ̀ká, kì í fi ọmọ fún ẹni tí òun kò tíì dán wò. Nígbà tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ìrìn àjò, ó ní kí Orímisan máa ṣọ́lé.

Ó ní, "Igi oṣè ojúlé yìí, bàbá bàbá mi ló gbìn ín. Tí mo bá dé tí mo bá a láàyè, o ti gbéyàwó. Tó bá kú, má dúró dè mí."

Òjò dáwọ́ dúró. Ọyẹ́ yọ́ wọ̀lú, ètè ń sán, ẹsẹ̀ ń funfun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ewé oṣè kan já bọ́. Orímisan mú un, ó fi òwú so ó padà. Òmíràn já bọ́, ó so ìyẹn náà. Kó tó di ọ̀sán, ewé ti bò ó dé orúnkún. Ó fi aṣọ ìbora wé ìdí igi, ó ń da ẹ̀kọ gbígbóná sí gbòǹgbò rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Gbìyànjú, mu díẹ̀." Igi kò gbọ́. Nígbà tó yá, ó wà níhòòhò goloto.

Orímisan bú sẹ́kún. Ó pa ewúrẹ́, ó ké sí ará ìlú pé kí wọ́n wá bá òun ṣọ̀fọ̀. Ẹ má bi mí bóyá ará ìlú mọ̀ pé igi kò kú. Wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò la ẹnu tí ẹran wà nínú rẹ̀? Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní igi náà ṣèèyàn.

Ó ní kí káfíńtà kan pósí. Káfíńtà wọn oṣè yípo, ó ní àfi kí àwọn gé igi mìíràn la pákó. Orímisan wo ẹ̀yìnkùlé, ó rí i pé àwọn igi tíìkì náà ti wọ́wé. Ó fọwọ́ bo imú.

"Àrùn náà ti ràn," ló wí. "A kì í fi òkú sin òkú."

Ló bá yọ gbogbo ilẹ̀kùn ilé Láníhùn, wọ́n sì fi kan pósí tó fẹ̀ ju yàrá lọ.

Ìsìnkú ku ọ̀la ni Láníhùn àti Àyọ̀ká dé. Ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé níwájú, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

"Ta ló kú?"

Orímisan dọ̀bálẹ̀. "Igi yín ni, Bàbá. Mo sa gbogbo ipá mi."

Láníhùn ṣí fìlà. Kò sí irun kan lórí rẹ̀. "Èmi náà ti wọ́wé. Ìgbà wo lo máa sin mí?"

Orímisan wo orí náà, ó wo pósí. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dé fìlà yín. Àwọn èèyàn ò tíì jẹun tán."

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó lè sunkún igi báyìí, yóò mọ iyì ìyàwó."

Láníhùn mí kanlẹ̀. "Tí oṣè bá rúwé, kó fẹ́ ọ. Títí dìgbà náà, inú pósí ni yóò máa sùn, torí mi ò nílẹ̀kùn tí mo lè tì mọ́ ọn."

Gbogbo ìgbà ọyẹ́ ni Orímisan fi sùn nínú pósí lábẹ́ igi, tó ń wòkè. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, oṣè rúwé, ó sì gbéyàwó. Bẹ́ẹ̀dì kò sí nílé, pósí wà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí gbogbo ọmọ wọn sí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi sọ pé a kì í tìtorí pé igi wọ́wé ká kan pósí. Ẹni tó bá kàn án ni yóò sùn nínú rẹ̀.