Bí Mo Ṣe Sọ Ara Mi Di Aláìsàn Nítorí Àpò Ìrẹsì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí láé. Ìgbà tí wọ́n ti bodè ni, tí ìrẹsì Kútọnù di ẹrù òfin ní Ayétòrò wa. Àpò kan ṣoṣo ni mo rà. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń sùn lé e lórí bí adìyẹ tó ń sàba.

Dókítà mi ti pè mí tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá béèrè bí ayé ṣe ń rí fún àwa tí wọ́n fi mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn wò sàn látọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó wọ aṣọ funfun ni mo ń retí. Obìnrin tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà wọ bàtà ńlá, ó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká. Ó ní ọ̀dọ̀ dókítà lòun ti wá. Mo ní nínú mi pé, ẹ̀yin kọ́sítọ́ọ̀mù yìí, ọgbọ́n yín mà pọ̀ o!

"Bàbá, ṣé ẹ lè gbé ẹrù tó wúwo?"

"Èmi kẹ̀? Omi tí mò ń mu pàápàá, ìyàwó ló ń bá mi gbé e."

"Ṣé ẹ lè rìn jìnnà?"

"Láti orí àga yìí dé ẹnu ọ̀nà, ó parí. Ọ̀nà inú igbó, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Àwọn ọ̀rẹ́ ńkọ́?"

"Mi ò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan, àgàgà lódìkejì bodè."

Mo tiẹ̀ wú ikọ́ díẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, àánú mi ń ṣe é.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ẹkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi Sikira, ẹni tó fún mi ní mùdùnmúdùn náà, ló jókòó síbẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Báyìí lo ṣe wà, o ò sọ fún mi?" Ó ń fi ìró nu ojú. "Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi ní ìbàdí, mo ní kò burú, kí àbúrò mi ṣáà yè. Ṣé tèmi ò dáa tó ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mi ò mọ ìgbà tí mo sáré wọ yàrá, tí mo fa àpò ìrẹsì yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí mo gbé e karí, tí mo ń fi í jó yí pálọ̀ ká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò mí! Tiyín ló ń gbé e yìí!"

Ibi tí mo ti ń yí ni àpò ti bẹ́, tí ìrẹsì ya bo àlejò mi. Mo bá na ọwọ́ méjèèjì sí i pé kó dè mí.

"Bàbá, nọ́ọ̀sì ni mí o," ló wí, tó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ká tún gbogbo ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi ló ń dáhùn kí n tó lanu.

Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ìlera mi kì í ṣe tèmi nìkan, mi ò sì gbọdọ̀ fi í ṣeré. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tára mi ti le tó báyẹn, kí n kúnlẹ̀ kí n ṣa ìrẹsì. Mo ṣà á títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ń fi ara mi rẹ́rìn-ín.