Iyán Ìkórè Ọ̀tá Ọ̀rá

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Ezekiel Ògúntóyè ti Erijiyan: Ọ̀tá Ọ̀rá, Ọkọ Ewé, Ẹni-tí-kì-í-rí-náílọ́ọ̀nù-kó-má-sín. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa já ọ̀rá gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màmá Glory, ewé dà?"

"Mọ́ínmọ́ín díẹ̀ péré ni, sà."

"Díẹ̀díẹ̀ náà layé fi ń bàjẹ́."

Ipò Bàbá Ìjọ ló ń wá. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá bá wa ṣe ìkórè, ọjọ́ náà ni wọ́n sì máa fi ẹnìkan joyè. Ni bàbá bá kéde pé ilé òun ni iyán Bíṣọ́ọ̀bù yóò ti wá, nínú ewé eéran, bíi ti ayé àtijọ́.

Àmọ́ ewé kì í ṣàdéédéé di iyán. Ènìyàn á wọ oko kòkó lọ já a, á fọ̀ ọ́, á fi yáná kó má baà ya. Bàbá ò fẹ́ kí ìrì pa bàtà òun. Ewé ẹ̀bá ọ̀nà ló já, kò sì fi yáná. Bí iyán gbígbóná ṣe kàn án báyìí, fàà.

Ó sáré wọ yàrá, ó kó àṣẹ́kù ọ̀rá ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde, àwọn tó tẹ fọ́tò ara rẹ̀ sí. Ó fi ọ̀rá di iyán, ó wá fi ewé bo ọ̀rá. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́:

"Yẹ́misí, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni kó o ti tú u sínú abọ́."

"Bàbá, ṣebí ẹ ní ọ̀run ò gba ọlọ́ràá?"

"Ọ̀rá ìta ni mo bá wí. Tèmi wà nínú."

Lọ́jọ́ ìkórè, mo ń gbé e kọjá lọ sí yàrá ẹ̀yìn ni Bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ ìlú Ìlórò, pè mí padà.

"Gbé e wá bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Iyán inú ewé, ọwọ́ ẹni tó máa jẹ ẹ́ ló ń tú u."

Bàbá wò mí. Mo wo òrùlé. Ta lèmi tí n ó máa bá Bíṣọ́ọ̀bù jiyàn iyán?

Wọ́n tú ewé. Bàbá Ògúntóyè ń rẹ́rìn-ín sí wọn láti ara ọ̀rá. Wọ́n tú ọ̀rá. Ooru ti bó ọ̀dà fọ́tò náà, irunmú bàbá sì nà gbọọrọ lórí iyán.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìyí?"

"Rárá, sà. Àbúrò mi ni."

Láti ìdí ìkòkò ọbẹ̀, Màmá Glory béèrè jẹ́jẹ́: "Bàbá, ewé dà?"

Ẹ̀rín gba gbogbo àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíì ló di Bàbá Ìjọ. Àwọn baba wa ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Wọn ò sọ ohun tí irunmú ń dà bó bá pẹ́ lára iyán. Kò sì sẹ́ni tó tọ́ iyán náà wò. Ta ló fẹ́ fi irunmú àgbàlagbà bọ ọbẹ̀?