Iwin Mẹ́tàdínlógún Nílé-Ìwé Màmá Salome

Ọ́fíìsì ilé-ìwé aládàáni kan ní Pakò, Igbó-Ọrà, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n ń parí sáà. Màmá Salome tó ni ilé-ìwé jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó ń bó ẹ̀pà sísè. Adérógbà wọlé. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, òun sì ni ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń tọ́jú orúkọ àti máàkì ọmọ fún àwọn ilé-ìwé. Inú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọkanáísà ni ilé-iṣẹ́ náà wà, àmọ́ wọ́n kọ "Olú Ilé-Iṣẹ́ Àgbáyé" sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wọ kóòtù nínú ooru, ó há kọ̀ǹpútà sí abíyá bí ẹni gbé adìẹ bọ̀ láti ọjà.

ADÉRÓGBÀ: Ẹ káàárọ̀, mà. (Ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, kóòtù ò jẹ́ kó parí ẹ̀.) Àwọn àlejò wa ti kúrò ní Èrúwà.

MÀMÁ SALOME: Káàárọ̀, ọ̀gá wa. Àlejò wo?

ADÉRÓGBÀ: Àwọn tí mo sọ fún yín, mà. Àwọn ará Ìbàdàn tó ń ran ilé-iṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́. Aago méjìlá géérégé ni wọ́n máa wọlé. Wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí ẹ̀rọ wa níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá wù wọ́n, wọn ó gbé e wọ ogójì ilé-ìwé: Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìgàngàn, gbogbo Ìbàràpá pátá.

MÀMÁ SALOME: Ilé-ìwé mélòó ló ń lò ó báyìí?

ADÉRÓGBÀ: Ó ń gbòòrò ni, mà.

MÀMÁ SALOME: Mélòó?

ADÉRÓGBÀ: Tiyín.

MÀMÁ SALOME: (Ó ju ẹ̀pà sẹ́nu.) Ó gbòòrò lóòótọ́.

ADÉRÓGBÀ: Ohun tí mo fi ṣíwájú wọn dé ni pé ẹ̀rọ ti rí nǹkan níbí. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ti ilẹ̀kùn.

MÀMÁ SALOME: Ìwọ lo dúró ti ilẹ̀kùn.

(Ó ti í. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wá túfọ̀.)

ADÉRÓGBÀ: Mà, iwin wà nílé-ìwé yín.

MÀMÁ SALOME: Iwin.

ADÉRÓGBÀ: Mẹ́tàdínlógún! Orúkọ tí kò ní ọmọ nídìí. Àwọn tíṣà yín kan ló ń kọ ọmọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì kí kíláàsì wọn lè dà bíi pé ó kún. Ẹ ní ọmọ òjìlénígba lẹ ní. Wọ́n ń tàn yín ni, mà. Igba ó lé mẹ́tàlélógún péré ló wà níbẹ̀.

MÀMÁ SALOME: Àwọn mẹ́tàdínlógún yẹn wá ńkọ́?

ADÉRÓGBÀ: Mo ti yọ wọ́n! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é, ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ má tíì dúpẹ́.

MÀMÁ SALOME: N kò tíì dúpẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mẹ́tàdínlógún fi ń sunkún lábẹ́ igi máńgòrò látàárọ̀ pé àwọn ò rí rísọ́ọ̀tì gbà.

ADÉRÓGBÀ: Ìyẹn ò sọ pé wọ́n wà, mà.

MÀMÁ SALOME: Èmi ni mo nu imú wọn.

ADÉRÓGBÀ: Ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni ẹ̀rí. Ìṣòro wa nílẹ̀ yìí nìyẹn, ojú la fi ń ka nǹkan.

MÀMÁ SALOME: Má bínú, ọ̀gá wa. Ojú yìí náà ni wọ́n fi kọ́ mi. Báwo ni ẹ̀rọ yín ṣe ń dá iwin mọ̀?

ADÉRÓGBÀ: (Ohun tó ti ń dúró dè nìyí, ó na ìka márààrún sókè.) Orúkọ ìdílé. Orúkọ bàbá. Àdírẹ́sì. Nọ́ńbà fóònù òbí. Ọjọ́ ìbí. Tí ọmọ méjì bá bára mu nínú márààrún, ọmọ kan náà ni. Kò ṣeé ṣe kí ẹni méjì bára mu bẹ́ẹ̀ láyé yìí.

MÀMÁ SALOME: Láyé yìí.

ADÉRÓGBÀ: Láyé, mà.

MÀMÁ SALOME: Ní Igbó-Ọrà níbí.

ADÉRÓGBÀ: Igbó-Ọrà náà wà láyé, mà.

(Màmá Salome fọ́ ẹ̀pà kan. Hóró méjì ló wà nínú èèpo rẹ̀. Ó wo hóró méjèèjì, ó wo Adérógbà, ó jẹ wọ́n pọ̀.)

MÀMÁ SALOME: Ka orúkọ iwin kan fún mi, kí n gbọ́.

ADÉRÓGBÀ: (Ó ṣí kọ̀ǹpútà.) Ẹ gbọ́ ọ: Peculiar Adéníran, Praimárì Kẹrin. Kò yàtọ̀ sí Purity Adéníran ní ibì kankan. Bàbá kan, ilé kan, fóònù kan. Ẹ wá wo ọ̀lẹ! Wọn ò tiẹ̀ lè wá ọjọ́ ìbí mìíràn fún un.

MÀMÁ SALOME: Ìyá wọn náà ò rí ọjọ́ mìíràn.

ADÉRÓGBÀ: Mà?

MÀMÁ SALOME: Mo ní máa bá a lọ. Kí lẹ ṣe sí máàkì Peculiar?

ADÉRÓGBÀ: Ẹ̀rọ wa kì í fi nǹkan ṣòfò. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún Purity.

MÀMÁ SALOME: Ìdí nìyẹn tí Purity fi gba mọ́kànléláàádọ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìṣirò.

ADÉRÓGBÀ: (Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.) Ìlọsíwájú tí mò ń wí nìyẹn, mà.

MÀMÁ SALOME: Purity yìí kan náà ló sọ fún mi pé èjì lọ́nà méjì jẹ́ márùn-ún.

ADÉRÓGBÀ: Ẹ rí i! Kí ẹ̀rọ wa tó dé nìyẹn.

MÀMÁ SALOME: Lánàá ni.

(Adérógbà fọwọ́ tú ọrùn kóòtù díẹ̀.)

MÀMÁ SALOME: Bàbá wọn wà lóko lọ́nà Ìgàngàn ní Túsìdeè. Ẹ̀rọ yín fi àtẹ̀jíṣẹ́ méjì ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ní: Purity wá sílé-ìwé. Èkejì ní: Purity ò wá sílé-ìwé. Purity wá lóòótọ́. Peculiar ni ibà dá dùbúlẹ̀. Ọkùnrin náà ju ọkọ́ sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó kó eruku pupa wọ ọ́fíìsì mi, ó ní kí n fi ọmọ òun tó wá han òun, kí n sì bá òun wá èyí tí kò wá jáde.

ADÉRÓGBÀ: Ṣé kíá ló rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà gbà?

MÀMÁ SALOME: Lójú ẹsẹ̀.

ADÉRÓGBÀ: (Ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù.) "Àwọn òbí... ń fi tọkàntọkàn... lò ó." Màá sọ ìyẹn fáwọn àlejò.

MÀMÁ SALOME: Sọ ti ọkọ́ náà mọ́ ọn. Ka iwin mìíràn.

ADÉRÓGBÀ: Há, ilé Bàbá Ṣèyí! Ibẹ̀ yẹn le, mà. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Iwin méjì nínú ilé kan ṣoṣo! Ṣèyí nìkan ni ènìyàn níbẹ̀.

MÀMÁ SALOME: Ìbẹta ni wọ́n.

ADÉRÓGBÀ: Ìbẹta?

MÀMÁ SALOME: Ọmọ mẹ́ta tí ìyá kan bí lọ́jọ́ kan. Ó ṣeé ṣe kó o ti gbọ́ ọ rí.

(Láti ìta, ohùn ọmọ tó ń sunkún wọlé, ohùn mìíràn tó jọ ọ́ gan-an sì ń bẹ̀ ẹ́.)

ADÉRÓGBÀ: Àwọn... àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù?

MÀMÁ SALOME: Kí lo rò?

ADÉRÓGBÀ: Ìbejì.

MÀMÁ SALOME: Ọmọ tí wọ́n bí ní Igbó-Ọrà, tó jẹ ìlasa Igbó-Ọrà dàgbà, ló jókòó, ó ro ó, ó tún un rò, ó ní èèyàn méjì ò lè ní ọjọ́ ìbí kan nínú ilé kan. Àní wọ́n kọ ọ́ sára pátákó lójú títì pé ìlú ìbejì nìyí, kí àjèjì má bàa ṣìnà! O gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí.

ADÉRÓGBÀ: Fóònù ni mò ń tẹ̀ lórí ọ̀kadà, mà.

MÀMÁ SALOME: O ṣe dáadáa. Ọ̀gá àgbáyé kì í wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

ADÉRÓGBÀ: Ẹ̀rọ àwọn òyìnbó ni mo wò kọ ọ́, mà. Wọn ò mẹ́nu ba ìbejì níbẹ̀.

MÀMÁ SALOME: Wọn ò mẹ́nu ba ọbẹ̀ ìlasa tó ń mú ká bí wọn náà. Dá mi lóhùn: nínú ọmọ méjì, èwo ni ẹ̀rọ yín ń yọ?

ADÉRÓGBÀ: Èyí tí wọ́n bá kọ kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló nilé.

MÀMÁ SALOME: Àwọn tíṣà mi, Yorùbá ni wọ́n. Ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ?

ADÉRÓGBÀ: Táíwò.

MÀMÁ SALOME: Nítorí náà, gbogbo Kẹ́hìndé tó wà nílé-ìwé mi...

ADÉRÓGBÀ: (Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.) Iwin ni wọ́n.

MÀMÁ SALOME: O lé ẹ̀gbọ́n síta, o fi àbúrò sílẹ̀. Jàǹdùkú ń bẹ n'Ìbàràpá o, n kò tíì rí èyí tó láyà tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Kẹ́hìndé mẹ́fà ló wà ní géètì báyìí. Láago méjìlá ni mo ń pín rísọ́ọ̀tì níwájú òbí. Láago méjìlá náà ni àlejò rẹ ń dé. Wàá gbádùn wọn pọ̀.

ADÉRÓGBÀ: (Ó súnmọ́ tábìlì.) Mà, mo ti rí ọ̀nà kan. Kíláàsì tó wà lẹ́yìn yẹn ṣófo. Ẹ jẹ́ ká kó àwọn Kẹ́hìndé síbẹ̀, ká fún wọn ní bisikíìtì, títí àlejò ó fi lọ.

MÀMÁ SALOME: Kí n kó ọmọ tó wà pamọ́, kí ẹ̀rọ tó ní wọn ò sí má bàa tijú.

ADÉRÓGBÀ: Wákàtí kan péré, mà.

MÀMÁ SALOME: Dá àwọn ọmọ mi padà.

(Adérógbà tẹ kọ̀ǹpútà. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè rí i. Ó gun bẹ́ǹṣì. Ó gbé e sókè bí ẹni tó ń gbé ọmọ fún ìyàsímímọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, òógùn bò ó.)

MÀMÁ SALOME: Wọ́n dé?

ADÉRÓGBÀ: Mà... apá tó ń yọ wọ́n ni èmi ṣe. Apá tó ń dá wọn padà, èmi kọ́ ni mo ṣe é.

MÀMÁ SALOME: Ta ló ṣe é?

ADÉRÓGBÀ: Ẹnì kan tá a jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan.

(Màmá Salome nu ọwọ́, ó wọ ìgò ojú, ó fa ìwé kan yọ nínú dúróà.)

MÀMÁ SALOME: Àwọn àlejò rẹ fi ẹ̀dà ìwé tó o kọ sí wọn ránṣẹ́ sí mi, kí n bá wọn wò ó bóyá òótọ́ ló wà níbẹ̀. Wọ́n bi ọ́ pé ẹni mélòó ló dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀. O dáhùn pé: "Ẹnì kan ṣoṣo. Èmi nìkan."

ADÉRÓGBÀ: Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ò gba orúkọ méjì, mà.

MÀMÁ SALOME: Ó gba "akọni tí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti ń retí."

(Adérógbà wo ilẹ̀.)

MÀMÁ SALOME: O wá fọwọ́ sí i nísàlẹ̀: T. Adérógbà Awótúndé. Kí ni T yẹn?

ADÉRÓGBÀ: Tẹkinọ́lọ́jì, mà.

MÀMÁ SALOME: Mo kọ́ ọ ní Praimárì Kejì. Orí bẹ́ǹṣì kan lẹ̀yin méjèèjì ń jókòó. Ẹnì kan ń ṣe ìṣirò, ẹnì kejì ń na ọrùn wò ó kọ. Mo tún ń béèrè: kí ni T yẹn?

ADÉRÓGBÀ: (Ó bọ́ kóòtù níkẹyìn.) Táíwò, mà.

MÀMÁ SALOME: A ti ń bú ẹ̀rọ lásán. Ìwà ẹni tó ni ín ló ń hù.

ADÉRÓGBÀ: Mo máa fi orúkọ ẹ̀ kún un tó bá yá, mà. Láti ọjọ́ tó ti rí ìwé yẹn, kò gbé ìpè mi mọ́. N kò mọ ibi tó wà.

MÀMÁ SALOME: Praimárì Karùn-ún ló wà. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo gbà á ní tíṣà ìṣirò. Ohun tó ń kọ́ wọn lọ́wọ́ báyìí ni pé kò sí ẹni tó lè gba mọ́kànléláàádọ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún.

ADÉRÓGBÀ: Kẹ́hìndé wà níbí?!

(Fèrè ọkọ̀ dún ní géètì. Ẹnì kan ní "Àwọn ará Ìbàdàn dé o!" Ohùn bàbá mẹ́fà gbà á lẹ́nu ẹ̀. Adérógbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lọ́tẹ̀ yìí, ó parí ẹ̀.)

ADÉRÓGBÀ: Mà, ẹ bá mi pè é. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa fi dá wọn padà. Ẹ ní kó wá ṣe é kíá, kó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí wọ́n tó wọlé.

MÀMÁ SALOME: Adérógbà.

ADÉRÓGBÀ: Kó jókòó, mà. Kó jókòó.

MÀMÁ SALOME: Síbo?

(Adérógbà dìde, ó gbé àga kejì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó tún un gbé súnmọ́ sí i.)

MÀMÁ SALOME: Kí lo máa pè é níwájú wọn?

ADÉRÓGBÀ: Olùrànlọ́wọ́... (Màmá Salome ká ìwé náà padà sínú dúróà.) Olùdásílẹ̀ kejì... (Ó ti dúróà, ó ń wò ó lójú.) Ẹ̀gbọ́n mi, mà.

(Màmá Salome yọrí lójú fèrèsé, ó pe Praimárì Karùn-ún. Ó bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó mi orí, ó tún mi orí. Ó padà jókòó, ó mú ẹ̀pà tó kù.)

ADÉRÓGBÀ: Kí ló wí, mà? Ṣé ó ń bọ̀?

MÀMÁ SALOME: Ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kó o ti máa to ọ̀rọ̀ rẹ jọ: láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí òun ti rán ọ ṣíwájú pé kó o lọ bá òun tọ́ ayé wò, òun ò tíì gbọ́ àbọ̀ iṣẹ́.